Iṣan Tí Ó Ta Kókó Ní Ẹsẹ̀ Àwọn Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí: ẹsẹ̀ tí ó ń gbé ìdílé ró, tí a fi ìró bò mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé Kétu níhìn-ín mọ bí ọjọ́ àwọn ìyá wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọkọ̀ tí ó kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya ti dé ọjà Mile 12. Ẹni tí yóò ra agbọ̀n tòmátì ní láti dúró. Ẹni tí yóò ṣa èyí tí ó ti rà kúrò nínú rẹ̀ ní láti dúró. Ẹni tí yóò tún un tà ní mẹ́rin-mẹ́rin fún oníbàárà, ìdúró náà ni. Bákan náà ni fún àwọn tí ń ta ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìkòsí, fún onídìrí tí ń di irun, fún olùkọ́ nídìí pátákó, àti fún nọ́ọ̀sì nídìí ibùsùn aláìsàn. Nígbà tí ọjà bá tú, ìyá yóò tún dúró de bọ́ọ̀sì. Bí ó bá délé, yóò dúró nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdúró ọjọ́ kan lè ju wákàtí 12 lọ.

Ní ìpàdé àsàlátù àwọn obìnrin, kò ṣe é kà mọ́ iye ìgbà tí àwọn ìyá ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti béèrè pé, “Ààfáà, kí ni ohun tí ó lọ́ bí ejò lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ mi yìí?” Wọ́n ti sọ fún ìyá kan pé ó tẹ oògùn ní oríta ni. Wọ́n ní kí òmíràn máa fara dà á, pé ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n sì sọ fún ẹ̀kẹta pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, kí ó lọ sín gbẹ́rẹ́ sí i kí ó lè dà jáde. Ìdáhùn mẹ́ta nìyí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè wo ẹsẹ̀ san. Ìkẹta tilẹ̀ lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Iṣẹ́ mọ́sálásí ni iṣẹ́ tèmi, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí àwọn oníṣègùn ti wádìí tí ó sì dá wọn lójú ni mo kó jọ síhìn-ín, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí ó ń ṣe òun, kí ó sì mọ ìbéèrè tí yóò bi dókítà.

Kí ni ó ń wú?

Ọlọ́run dá oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì sí ara wa. Oríṣi kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Oríṣi kejì ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ara ti lò padà wá sínú ọkàn. Èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ẹ wo iṣẹ́ ńlá tí ó ń ṣe ní ẹsẹ̀: ọkàn wà lókè ní àyà, àtẹ́lẹsẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀jẹ̀ sì ní láti gun òkè bí alábàárù tí ó ru àpò ìrẹsì gun ilé alájà mẹ́rin.

Ohun méjì ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Èkíní ni ẹran tí ó wà lẹ́yìn ojúgun wa. Nígbàkígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ rìn, ẹran yìí a fún iṣan pọ̀, a sì ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Nítorí rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn fi máa ń pè é ní ọkàn kejì. Èkejì ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ó wà nínú iṣan náà. Òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá, ilẹ̀kùn a pa dé lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà padà sísàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀, ọkàn kejì yẹn kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a ró jọ sísàlẹ̀, iṣan a máa fẹ̀, títí ilẹ̀kùn kò fi ní lè kanra pa dé mọ́. Bí ilẹ̀kùn kan bá ti ṣíṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ẹrù a bọ́ sórí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun náà a sì tún jánu. Báyìí ni iṣan tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń wú, tí ó ń lọ́, tí ó ń ta kókó, tí a sì ń rí i gbangba lábẹ́ awọ. Iṣan tí ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó gba inú kókósẹ̀ gòkè lọ sí òkè itan, àti èyí tí ó gba ẹ̀yìn ojúgun lọ sí ẹ̀yìn orúnkún.

Nínú èdè Lárúbáwá, “dawálì” ni wọ́n ń pe àrùn yìí. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ìtàkùn èso àjàrà tí ó ń lọ́ mọ́ igi. Ẹni tí ó bá ti rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Ní ilẹ̀ wa, àwọn àgbà tí ó rí i láyé àtijọ́ lè rò pé sòbìà ni, nítorí pé sòbìà náà a máa lọ́ lábẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣan ti ara wa ni èyí, kì í ṣe aràn.

Àrùn yìí kì í ṣe ti òní. Ní ìlú Kọ̀dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì, oníṣẹ́ abẹ Mùsùlùmí kan wà tí ń jẹ́ Al-Zahrawi, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Nínú apá tí ó kẹ́yìn nínú ìwé ńlá rẹ̀, èyí tí ó kọ lórí iṣẹ́ abẹ, ó ṣàlàyé bí a ṣe lè la ẹsẹ̀ kí a sì fa iṣan tí ó ti wú jáde. Ibn al-Nafis, tí ó kú ní ọdún 1288, ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láti apá kan ọkàn sí apá kejì. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1603, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Ítálì tí ń jẹ́ Fabricius tẹ ìwé jáde lórí àwọn ilẹ̀kùn inú iṣan. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, William Harvey, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sì fi hàn ní ọdún 1628 pé ẹ̀jẹ̀ ń yí ká gbogbo ara ni, àti pé ìdí tí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn fi wà ni kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí ọkàn. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ẹ̀dá ara ni ó fa àrùn yìí. Kí ló dé tí a ó tún máa di í ru àwọn aládùúgbò wa?

Àwọn wo ni ó ń mú?

Ìdílé ni ó kọ́kọ́ ń fà á. Bí ìyá tàbí bàbá rẹ bá ní i, ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ní i. Ọjọ́ orí a máa dá kún un, ara tí ó sanra jù a máa dá kún un, iṣẹ́ ìdúró sì ń mú un burú sí i.

Oyún ni ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn obìnrin jù lọ. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ a pọ̀ sí i, àwọn èròjà oyún a mú kí ara iṣan dẹ̀, ọmọ tí ń dàgbà nínú a sì tẹ iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà láti ẹsẹ̀. Nítorí náà ni iṣan fi máa ń yọ ní ẹsẹ̀ aboyún, ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí ó ń yọ ní ojú ara rẹ̀, tí ojú á sì máa tì í láti sọ. Kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa rọlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n oyún kejì a tún fẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹta a tún fẹ̀ ẹ́ sí i, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tí ó tún ń dúró tajà a sì wá rí i pé kò rọlẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé obìnrin nìkan ni ó ń ṣe o. Ní ọdún 1999, àwọn tí ó wádìí rẹ̀ ní ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì rí irú iṣan ńlá bẹ́ẹ̀ lára nǹkan bí 40 nínú 100 ọkùnrin, àti nǹkan bí 32 nínú 100 obìnrin. Ẹ̀yin baba tí ẹ ń fi sòkòtò bo tiyín, ẹ gbọ́.

Bí a ó ti mọ̀ ọ́n

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ a wúwo bí òkúta nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ a wú, bàtà a há. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti rọ̀. Iṣan a máa fà lóru, ibi tí ó wú a máa yún. Ẹlòmíràn kò ní ní ìrora kankan; kókó iṣan nìkan ni yóò máa rí. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, kò sí ìdí fún ìpayà.

Ṣùgbọ́n bí awọ tí ó wà lókè kókósẹ̀, ní apá inú, bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ju ara yòókù lọ, tí ó ń le, tí ó ń dán, tí ó sì ń yún kíkankíkan, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ró jọ ti ń jò sínú awọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn lè jẹ, tàbí kí etí agbọ̀n gbo ó díẹ̀, tí ojú rẹ̀ á sì kọ̀ láti san. Oṣù kan, oṣù mẹ́fà, ọdún méjì, egbò ò jinná. Èyí ni púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní egbò àdáàjinná, tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ kó owó fún adáhunṣe.

Àwa tí a ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni kò yẹ kí irú awọ bẹ́ẹ̀ yọ sí lójijì. Nígbà tí o bá ń fọ ẹsẹ̀ rẹ dé kókósẹ̀, wò ó. Ṣé àwọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba? Ṣé ó ti wú? Ṣé ojú kan ti bó? Ìwo tí o bá fi ìṣẹ́jú kan wò lè yọ ọ́ nínú ọdún méjì egbò.

Kì í ṣe gbogbo egbò ẹsẹ̀ ni ó ti inú iṣan yìí wá. Àtọ̀gbẹ a máa fà á, ẹ̀jẹ̀ SS a máa fà á, bẹ́ẹ̀ ni iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn lè dí. Bákan náà, ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó wú lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ iṣẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín, bí ó bá sì jẹ́ aboyún, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Jàbùtẹ̀ náà yàtọ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ni ó yẹ kí ó ṣáájú oògùn.

Ewu mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Èkíní ni ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan tí ó wú bá fara gbo nǹkan tí ó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa tú jáde lọ́nà tí yóò dẹ́rù ba ènìyàn. Má ṣe dúró, má ṣe sáré kiri. Dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbé ẹsẹ̀ náà sókè ju àyà lọ, kí ẹnìkan fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì ṣí i wò. Má ṣe fi okùn di ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Èkejì ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó déédéé wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dunni lẹ́yìn ojúgun tàbí ní itan. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún. Ẹ má ṣe wọ́ ọ, ẹ má ṣe fi òróró fà á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọjú sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta ni pé kí èémí déédéé máa há onítọ̀hún, kí àyà máa dùn ún, tàbí kí ó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti kúrò ní ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀mí ni ó wà nínú èyí. Kò sí àkókò àgbo. Ó yẹ kí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, àti àwọn tí wọ́n jókòó ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà kíyè sí i dáadáa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gba oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nítorí pé irú kan wà nínú wọn tí kò bá a lára mu.

Ohun tí a ń ṣe tí kò dára

Gbẹ́rẹ́ ni mo fi ṣáájú. Iṣan tí ó ti wú, ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Abẹ tí kò mọ́ tí a fi kàn án lè mú ẹ̀jẹ̀ tú, ó sì lè gbé àrùn wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwo dídì. Ìwòsàn tí a mọ̀ nínú ẹ̀sìn ni hìjámà, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà dáadáa kò ní gbé e lé orí iṣan tí ó wú.

Òróró gbígbóná àti omi gbígbóná tún wà. Ooru a máa mú kí iṣan fẹ̀ sí i ni. Ẹsẹ̀ lè rọni fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò tún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń fi ìpara pa awọ lójoojúmọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn inú iṣan ti jánu, ó ń fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá ni.

Ohun tí ìwọ fúnra rẹ lè ṣe

Máa mi ẹsẹ̀ nídìí ọjà. Bí kò bá sí oníbàárà, gbé gìgísẹ̀ rẹ méjèèjì sókè kí o dúró lórí ọmọ ìka, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 20. Ọkàn kejì ni o ń jí yẹn. Rìn lọ rìn bọ̀. Fi àpótí kékeré sí ìdí àtẹ rẹ, kí o máa jókòó díẹ̀ díẹ̀. Bí o bá sì jókòó, má ṣe jókòó sójú kan títí ọjà yóò fi tú, nítorí ìjókòó pípẹ́ náà kò ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí o bá délé, dùbúlẹ̀ kí o gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta, kí gìgísẹ̀ ga ju àyà lọ, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Àwọn ọmọ lè ro ọbẹ̀. Bí ara bá sanra jù, kí a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí a máa fi ìpara pẹ̀lẹ́ kùn ún kí awọ má baà gbẹ kí ó sán.

Ìrìn dára fún un, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ó ní i ni kí ó dùbúlẹ̀ bí aláìsàn. Ẹni tí ìdúró bá sì ń ni lára gidigidi lórí ìrun, ẹ̀sìn wa ti gbà fún un kí ó jókòó kírun. Ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì di egbò rẹ̀, tí omi yóò sì pa á lára, ọ̀nà wà fún un láti fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì náà. Kí ó béèrè lọ́wọ́ lèmọ́mù rẹ̀ bí yóò ti ṣe é. Kò sí ìdí láti máa tú ìtọ́jú dókítà ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́.

Ìtọ́jú tí ó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn

Dókítà yóò ní kí o dìde dúró kí ó lè rí iṣan náà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀rọ sikáàn wò ó, irú èyí tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún. Kì í dunni. Ẹ̀rọ yìí ni yóò fi hàn án ibi tí ilẹ̀kùn ti jánu, àti bóyá iṣan inú lọ́hùn-ún ṣì dára.

Ìbọ̀sẹ̀ tí ń fún ẹsẹ̀ wà. Ó le ju ìbọ̀sẹ̀ lásán lọ. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń fún jù, kí ó lè máa ti ẹ̀jẹ̀ sókè. A ní láti wọn ẹsẹ̀ kí a tó rà á. Àárọ̀ ni a ń wọ̀ ọ́, kí a tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn. Bí a bá fẹ́ sùn, a bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ooru Èkó kò jẹ́ kí ó rọrùn. Ó wúlò púpọ̀ fún aboyún, nítorí pé wọn kì í ṣiṣẹ́ abẹ iṣan yìí nínú oyún. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, pàápàá jù lọ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, lè fi irú ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí báńdéèjì líle ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ wò. Ìbọ̀sẹ̀ a máa dín ìrora kù. Kò lè tún ilẹ̀kùn tí ó ti jánu ṣe.

Ìtọ́jú tí ń mú iṣan náà kúrò lọ́nà jẹ́ mẹ́ta. Nínú ti àkọ́kọ́, dókítà a ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú iṣan, a sì fi ooru iná lésà tàbí ìgbì rédíò jó o láti inú títí yóò fi pa dé. Wọn a fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kú. Aláìsàn kò ní láti sùn, ó sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Nínú ìkejì, wọn a po oògùn títí yóò fi hó bí ìfófòó ọṣẹ, wọn a sì gún un sínú iṣan náà kí ó lè lẹ̀ mọ́ra. Ìkẹta ni iṣẹ́ abẹ tí ó ti pẹ́: a dí iṣan náà ní òkè itan, a sì fa á jáde. Ní ọdún 2013, ìgbìmọ̀ NICE tí ń tọ́ àwọn oníṣègùn sọ́nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí gan-an: ooru ṣáájú, bí kò bá ṣeé ṣe, oògùn ìfófòó, bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, iṣẹ́ abẹ.

Ìbéèrè tí gbogbo ìyá máa ń bi mí ni pé, “Bí wọ́n bá dí iṣan, níbo ni ẹ̀jẹ̀ yóò gbà?” Iṣan inú lọ́hùn-ún ni ó ń gbé nǹkan bí 9 nínú 10 ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ padà. Èyí tí ó bàjẹ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó kàn ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sísàlẹ̀ ni. Bí a bá dí i, ẹ̀jẹ̀ a gba ọ̀nà tí ó dára. Ara lè pọ́n tàbí kí ó ro díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òmíràn sì tún lè yọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé kò ní padà láéláé kò sọ òtítọ́ tán.

Ìròyìn ayọ̀ wà fún àwọn tí ó ti ní egbò. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 450. Gbogbo wọn ni a di egbò wọn ní báńdéèjì. A tètè tọ́jú iṣan apá kan. A sì dá ti apá kejì dúró. Ní ọjọ́ 56, egbò ìdajì àwọn ti àkọ́kọ́ ti jinná. Ọjọ́ 82 ni ti apá kejì. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé kí a má ṣe máa fọ egbò nìkan fún ọdún púpọ̀, kí a béèrè ohun tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ní agbègbè wa, ìlé ìwòsàn alábọ́dé tí ó súnmọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbagada, tàbí sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ dókítà ní Ìkẹjà àti ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ wà. Kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹ ó ti bá ẹ̀rọ lésà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ní, iye tí ó jẹ́, àti bóyá ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó yóò san lára rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀.

Ìtìjú àti owó

Ohun méjì ni ó ń pa àwọn ìyá wa mọ́lé. Èkíní ni ìtìjú: “Báwo ni n óò ṣe ṣí itan mi fún ọkùnrin àjèjì?” Ìtìjú dára, ara ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti fẹnu kò pé àìsàn jẹ́ ìdí tí a fi lè fi ibi tí ó ń dunni han oníṣègùn, ní ìwọ̀n tí ìtọ́jú bá gbà. Béèrè bóyá dókítà obìnrin wà. Bí kò bá sí, kí nọ́ọ̀sì obìnrin tàbí ọmọbìnrin rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ.

Èkejì ni owó, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹ̀yin ọkọ. Ìyàwó tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin fún ọ, tí ó sì ń fi owó tòmátì kún owó ilé ìwé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òun nìkan. Má ṣe sọ fún un pé, “Ìyá rẹ náà ṣáà ní irú rẹ̀, kò pa á.” Owó àyẹ̀wò kò tó owó tí ẹ ó fi máa ra báńdéèjì fún ọdún márùn-ún, kò sì tó owó ọjà tí kò ní lè lọ nígbà tí egbò bá dá a jókòó. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ti tó gbé ìkòkò, ẹ gba ìdúró alẹ́ lọ́wọ́ ìyá yín. Ẹ̀yin ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ, bí aboyún bá ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ìyá tí ó bá ka ìwé yìí tí ó sì rí i pé awọ kókósẹ̀ òun ti ń dúdú, kí ó má ṣe jẹ́ kí oṣù yìí parí kí ó tó lọ fi han dókítà. Kí Ọlọ́run Ọba Olùwòsàn fún ẹsẹ̀ wa ní àlàáfíà, kí ó sì bùkún ìrìn wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.